Eégbọn Kò Kúrò Nínú Igbó

Ní ọdún 1979, ènìyàn 677 ni eégbọn kó àìsàn ọpọlọ ràn ní orílẹ̀-èdè Ọ́stríà. Ní ọdún 1999, ogún ọdún géérégé lẹ́yìn ìgbà náà, iye wọn ti wálẹ̀ di 41 péré. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé eégbọn ti kú tán nínú igbó wọn ni, tàbí pé àwọn ará Ọ́stríà kò wọ igbó mọ́. Irọ́ ni o! Eégbọn wà níbẹ̀ bámúbámú, àwọn ènìyàn náà sì ń gun òkè, wọ́n ń wá olú, wọ́n ń pàgọ́ sùn lábẹ́ igi gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe látijọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ìtàn náà gùn díẹ̀. Ó kan ẹ̀wọ̀n, ó kan wàrà ewúrẹ́, ó sì kan ìjọba ńlá kan tó wó lulẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Kí á tó lọ jìnnà, ó yẹ kí á mọ ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Eégbọn kì í ṣe àjòjì sí wa. Ta ni kò rí i rí létí ajá tàbí lábẹ́ ìrù màlúù? Àwọn àgbà tilẹ̀ fi í pòwe pé eégbọn tó so mọ́ akátá lẹ́nu, adìẹ kọ́ ni yóò já a. Ṣùgbọ́n àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò sí lára eégbọn tiwa, nítorí náà ẹ má tìtorí ọ̀rọ̀ mi lé ajá yín jáde nílé. Igbó ilẹ̀ Yúróòpù ni eégbọn tí mo ń wí ń gbé, láti ibẹ̀ lọ dé Siberia, títí dé etí òkun níhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Èyí tó ti dàgbà nínú wọn kò ju hóró ọkà bàbà lọ, èyí tó ṣì kéré kò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kì í fò, bẹ́ẹ̀ ni kì í já bọ́ láti orí igi bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò. Orí koríko àti ewéko kúkúrú ló máa ń jókòó sí, tí á na ẹsẹ̀ iwájú síta, tí á máa retí ẹran tàbí ènìyàn tó ń kọjá lọ.

Ara àwọn eku inú igbó ni eégbọn ti ń mu kòkòrò àìfojúrí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì. Nígbà tó bá bu ènìyàn jẹ, inú itọ́ rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbà wọ ara onítọ̀hún, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ nǹkan kan lára. Àwọn mìíràn á ní ibà, orí á máa fọ́ wọn, ara á máa ro wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ara á tù wọ́n. Ẹni náà á padà sẹ́nu iṣẹ́, á dúpẹ́ pé ibà lásán ni. Àṣé àìsàn kò tíì lọ! Ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí i, ibà á tún dé, ọrùn á gan, ọpọlọ á wú. Ibẹ̀ ni apá tàbí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ti ń rọ, ibẹ̀ ni ìrántí ẹlòmíràn ti ń lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá ṣàìsàn náà ní apá ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, ó lè jẹ́ ẹnì kan tàbí méjì ni yóò kú. Ṣùgbọ́n irú èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Títí di òní olónìí, kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà lára ẹni tó ti mú. Ìtọ́jú ni dókítà lè ṣe, kí wọ́n sì máa wo ojú Ọlọ́run.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ àpèjúwe àìsàn yìí dáadáa ni dókítà kan tó ń jẹ́ Hans Schneider, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Neunkirchen, níhà gúúsù Vienna ní Ọ́stríà. Ní ọdún 1931 ló kọ ọ́ pé àìsàn kan wà tó máa ń dà bo àwọn ènìyàn agbègbè òun ní ìgbà ooru. Ó rí èéfín, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí iná wà. Kò mọ̀ pé eégbọn ló wà nídìí rẹ̀.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 sókè, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ń kó sójà àti àwọn tó ń gé gẹdú lọ sí àwọn igbó kìjikìji tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wọn. Bí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, àìsàn á bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Géńdé ọkùnrin tó ń fi àáké gé igi lánàá, lónìí kò lè gbé ọrùn rẹ̀ sókè. Ní ọdún 1937, wọ́n rán ikọ̀ àwọn onímọ̀ lọ síbẹ̀ láti Moscow, Lev Zilber sì ni olórí wọn. Àwọn kan ti ń sọ pé ara ènìyàn sí ènìyàn ni àìsàn náà ń gbà ràn. Zilber wò ó, ó rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣàìsàn kò gbé pọ̀, wọn kò jẹun pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn. Ohun kan ṣoṣo tó pa wọ́n pọ̀ ni igbó, àkókò tí àìsàn sì ń pọ̀ ni àkókò tí eégbọn ń pọ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ti mú eégbọn, wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì, wọ́n sì ti mọ̀ pé ọ̀kan náà ló wà lára eégbọn àti lára aláìsàn.

Ṣùgbọ́n wọ́n san owó rẹ̀. Mikhail Chumakov, ọ̀dọ́ onímọ̀ nínú ikọ̀ náà, kó àìsàn yìí lẹ́nu iṣẹ́. Etí rẹ̀ di, apá rẹ̀ ọ̀tún sì rọ, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí tó fi kú ní ọdún 1993. Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà ló wà lára àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ àti oògùn àjẹsára fún ọmọ aráyé lẹ́yìn ìgbà náà. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Nadezhda Kagan, obìnrin tó wà lára àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àìsàn eégbọn yìí, kó o nínú yàrá àyẹ̀wò, ó sì kú ní ọdún 1938. Zilber alára ńkọ́? Kí ọdún 1937 tó parí, ìjọba Stalin ti gbé e jù sẹ́wọ̀n gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá ìlú. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1939, wọ́n tún mú un ní 1940, ó di 1944 kó tó bọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí nìyẹn. Ẹni tó lọ wá ohun tó ń pa ọmọ aráyé, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ìkíni-káàbọ̀ fún un.

Lẹ́yìn wọn ni Yevgeny Pavlovsky, ògbólógbòó onímọ̀ nípa kòkòrò, gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ ní ọdún 1939 tí àwọn oníṣègùn kò gbàgbé mọ́. Ó ní àwọn àrùn kan wà tó ní ilé tiwọn nínú igbó. Eku ń kó o fún eégbọn, eégbọn ń kó o fún eku, ọdún ń gorí ọdún, bóyá ènìyàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí níbẹ̀. Ènìyàn kọ́ ni àrùn náà ń wá. Ènìyàn ló ya ilé onílé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Àṣé eégbọn tilẹ̀ lè pa ẹni tí kò dé inú igbó rí! Ní ọdún 1951, ní ìlú Rožňava ní orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Czechoslovakia nígbà náà, àìsàn ọpọlọ yìí ṣàdédé bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó mú lé ní 600, àwọn ọmọ ilé ìwé àti ìyàwó ilé sì wà nínú wọn. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ta wàrà ni ọ̀rọ̀ já sí. Wọ́n ti da wàrà ewúrẹ́ pọ̀ mọ́ ti màlúù, wọn kò sì sè é kó jiná tó kí wọ́n tó tà á fún aráàlú. Eégbọn ti bu àwọn ewúrẹ́ náà jẹ nínú pápá. Kò hàn lára ewúrẹ́, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì wà nínú wàrà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu wàrà tútù ní àwọn agbègbè tí àìsàn yìí wà.

Ó dára, a ti mọ ọ̀tá. Báwo ni a ó ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn àwọn ará Rọ́ṣíà ni pé kí wọ́n pa eégbọn. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, wọ́n ń fi ọkọ̀ òfuurufú da májèlé DDT sórí igbó. Eégbọn kú lóòótọ́, aláìsàn sì dín kù. Ṣùgbọ́n májèlé kò mọ eégbọn yàtọ̀ sí ẹyẹ, kò mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí ẹja. Nígbà tí ayé rí ohun tí DDT ń ṣe, tí wọ́n sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, eégbọn padà wá. Ta ló fẹ́ lé onílé kúrò nílé rẹ̀? Ọ̀rọ̀ Pavlovsky ṣẹ.

Ọ̀nà kejì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọpọlọ eku ni àwọn ará Rọ́ṣíà fi ṣe èyí àkọ́kọ́ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣe àǹfààní, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún ara. Ní Vienna, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Kunz àti àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ wá ọ̀nà mìíràn ní àwọn ọdún 1970. Ṣé ẹ rántí òwe wa pé adìẹ kọ́ ni yóò já eégbọn lẹ́nu akátá? Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: ara ọlẹ̀ inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń mú fáírọ́ọ̀sì náà pọ̀ sí i, kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n tó sọ ọ́ di abẹ́rẹ́. Ó jọ pé adìẹ já a níkẹyìn! Ní ọdún 1976 ni abẹ́rẹ́ náà jáde. Nígbà tó di 1980, Franz Heinz, tí òun pẹ̀lú ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Kunz, ti rí ọ̀nà láti sẹ́ ẹ kó mọ́ kedere, tí kò fi ń da ara láàmú bíi ti tẹ́lẹ̀.

Abẹ́rẹ́ tó dára nìkan kò tó o. Bó bá wà nínú àpótí, ta ló ń wò sàn? Ní ọdún 1980, nínú ọgọ́rùn-ún ará Ọ́stríà, mẹ́fà péré ló ti gbà á. Láti ọdún 1981 ni wọ́n ti gbé ariwo rẹ̀ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń lẹ àwòrán eégbọn gàgàrà mọ́ ògiri káàkiri ìlú, tí wọ́n ń dín owó abẹ́rẹ́ kù lọ́dọọdún kí àkókò eégbọn tó dé. Kò sí ẹni tí wọ́n fi ọlọ́pàá mú. Àlàyé ni wọ́n ń ṣe, ọdún dé, wọ́n tún ṣe é. Nígbà tó fi di 2001, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló ti gba abẹ́rẹ́ náà, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí 677 fi di 41.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ilé aládùúgbò. Orílẹ̀-èdè Czech pààlà pẹ̀lú Ọ́stríà. Igbó wọn wọnú ara wọn, eégbọn kan náà ni, ooru kan náà ni. Ní ọdún 2006, ènìyàn 84 ló ṣàìsàn yìí ní Ọ́stríà. Ní ilẹ̀ Czech, níbi tí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ kò ti pọ̀, 1,029 ni! Bí a bá tilẹ̀ sọ pé ènìyàn pọ̀ díẹ̀ ní Czech ju Ọ́stríà lọ, ìyàtọ̀ náà ṣì pọ̀ jù. Ẹni tó bá ka iye aláìsàn nìkan á sọ pé igbó Czech léwu ju igbó Ọ́stríà lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ewu dọ́gba, ààbò ni kò dọ́gba.

Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀ látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi ṣànpọ̀nná wé e. Ṣànpọ̀nná kò ní ilé kankan lẹ́yìn ara ènìyàn. Ara ènìyàn sí ènìyàn ló ń gbà ràn, nítorí náà nígbà tí ọ̀pọ̀ gba abẹ́rẹ́, kò rí ẹni gùn mọ́. Ẹni tí kò gbà á pàápàá jèrè, nítorí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti di odi yí i ká. Báyìí ni àjọ ìlera àgbáyé ṣe kéde ní ọdún 1980 pé ṣànpọ̀nná ti parẹ́ láyé. Àìsàn eégbọn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í ràn láti ara ẹni tó jókòó tì ọ́. Bí gbogbo ìlú bá gba abẹ́rẹ́, tó ku ìwọ nìkan, ọjọ́ tí o bá wọ igbó, eégbọn kò ní bi ọ́ pé ta ni aládùúgbò rẹ. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ ní Ọ́stríà: fún àwọn tí kò gba abẹ́rẹ́, ewu náà kò dín kù sí ti àtijọ́. Abẹ́rẹ́ ẹnìkan kò gba ẹnìkejì là. Oníkálùkù ló ń gbé agboòrùn tirẹ̀.

Bí ààbò bá sì fẹ́ pẹ́lẹ́, tí ìlú wá dojú rú, ohun tí ojú ń rí nìyẹn ní Latvia, Lithuania àti Estonia. Ní 1991, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fọ́. Kò pẹ́ rárá tí àìsàn eégbọn fi ròkè lálá. Ní Latvia nìkan, àwọn tó mú ní ọdún 1994 lé ní 1,300, ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye tí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí ènìyàn inú rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ lọ. Àwọn kan ní ooru ayé tó ń pọ̀ sí i ló fà á. Sarah Randolph, onímọ̀ ní Oxford, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ooru nìkan kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lójijì. Oko ìjọba ti di igbó, eku àti eégbọn sì rí ibi gbé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n gba inú igbó lọ láti ṣa olú àti èso igbó tí wọn yóò jẹ tàbí tí wọn yóò tà. Ẹ wá wò ó: ẹni tí ebi lé wọ igbó ni eégbọn ń rí bù jẹ, òun kan náà ni kò sì rówó abẹ́rẹ́. Tálákà ò lólùgbèjà, àwọn àgbà ti wí i.

Èyí kò wí pé ooru ayé kò lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ o. Lórí àwọn òkè Krkonoše ní ilẹ̀ Czech, eégbọn kì í sábà gbé ibi tó ga ju mítà 700 tàbí 800 lọ látijọ́, nítorí òtútù. Láti nǹkan bí ọdún 2000 síwájú, wọ́n ti ń rí wọn lókè mítà 1,000. Ní Sweden, wọ́n ń lọ sókè sí àríwá. Ní 2016, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà ní Netherlands, tí kò sí nínú ìwé tẹ́lẹ̀. Ní 2019, ìjọba Switzerland ní kí gbogbo ìlú wọn, àfi agbègbè Geneva àti Ticino, ka ara wọn sí ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti gba abẹ́rẹ́. Ní 2020, ọdún kòrónà, nígbà tí ilé sú àwọn ènìyàn tí wọ́n ń gba inú igbó lọ ṣeré, àwọn tó mú ní Jámánì lé ní 700, ti Ọ́stríà alára sì tún lé ní 200.

Ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì yìí lára eégbọn ní igbó Thetford, àti ní ààlà Hampshire àti Dorset. Ní 2022, ẹnì kan kó o ní agbègbè Yorkshire. Àwọn aláṣẹ ìlera ní ewu náà kéré gan-an fún gbogbo ìlú, èmi náà kò sì fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa tó wà ní London, Manchester àti Leeds, tí ẹ ń kó ọmọ lọ ṣeré nínú igbó lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara àwọn ọmọ wò, abíyá, ẹ̀yìn etí, ẹ̀yìn orúnkún. Bí ẹ bá bá eégbọn lára wọn, ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un nídìí, kí ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má da kẹrosíìnì sí i, ẹ má fi iná jó o. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń rán ọmọ lọ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ ní Ọ́stríà, Jámánì, Czech tàbí Latvia, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á, kí wọ́n tún gba òmíràn lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí wọ́n sì máa tún un gbà lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé, “Àìsàn tó ń mú ènìyàn 41 ní odindi orílẹ̀-èdè, kí ni mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣe?” Irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo bẹ̀rù ju eégbọn lọ. Àwọn 41 yẹn kéré nítorí pé àwọn tó kù gba abẹ́rẹ́ ni. Bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ ni, tí ẹni tó wà nínú ilé wá ń sọ pé kò jọ pé òrùlé wúlò, ṣebí ara òun kò tutù. Ṣé kó wá ṣí òrùlé kúrò? Gbogbo ohun tí Schneider rí ní 1931, tí Zilber tìtorí rẹ̀ lọ sínú igbó ní 1937, tí Chumakov fi etí àti apá rẹ̀ san, ó ṣì wà nínú igbó bó ṣe wà. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán ní èékánná.